Orí Kẹrin: Amọdẹ́ntìnì, Sẹ́ẹ̀lì Tí Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Bí a bá la eyín kan sí méjì láti orí rẹ̀ dé gbòǹgbò, tí a sì fi ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo gbòǹgbò náà sílẹ̀ ná, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ojú yóò rí. Ohun tí ó bo orí eyín láti òde, tí ó funfun tí ó sì ń dán, ni a ń pè ní ẹ́námẹ́lì. Òun ni ohun tí ó le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Ní àárín gbùngbùn ni ẹran inú eyín wà, ẹran rírọ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gba ihò ìdí gbòǹgbò wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì, tí ó pọ̀ ju méjèèjì lọ, tí ó sì fún eyín ní ìrísí àti agbára rẹ̀, ni dẹ́ntìnì, tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ òrí. Bí a bá wọ̀n ọ́n, ìpín 70 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ èròjà líle tí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì para pọ̀ dá, nǹkan bí ìpín 20 jẹ́ èròjà ara bíi purotéènì, nǹkan bí ìpín 10 tó kù sì jẹ́ omi. Eyín erin tí àwọn agbẹ́nà ìlú Ọ̀wọ̀ fi ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ọba láyé àtijọ́, tí a sì fi ń gbẹ́ ìrọ́kẹ́ Ifá, dẹ́ntìnì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ti di irú ìrọ́kẹ́ bẹ́ẹ̀ mú rí ti fọwọ́ kan dẹ́ntìnì, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Dẹ́ntìnì kì í ṣàdédé wà. Sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú àìmọye ẹyọ kéékèèké oníyè tí ara ènìyàn fi di ara, ni ó ń mọ ọ́n, àwọn onímọ̀ ìṣègùn eyín sì ń pe sẹ́ẹ̀lì náà ní odontoblast. Nínú orí yìí, amọdẹ́ntìnì ni a ó máa pè é, gẹ́gẹ́ bí èdè Yorùbá ti ń pe ẹni tí ó ń mọ ìkòkò ní amọ̀kòkò. Ohun tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì yìí yẹ fún odindi orí kan ni bí ó ti ń yí padà láti ìgbà èwe rẹ̀ dé ìgbà ogbó: arìnrìn-àjò ni ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ibì kan jókòó sí, ó pín sí méjì fún ìgbà ìkẹyìn láyé rẹ̀, ó pa ara dà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní kúrò nídìí iṣẹ́ náà níwọ̀n ìgbà tí eyín bá ṣì wà láàyè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ẹ́námẹ́lì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ti kú tán nígbà tí eyín bá yọ sí ẹnu, ìdí nìyẹn tí ẹ́námẹ́lì tí ó bá ti jẹ kì í padà hù mọ́. Amọdẹ́ntìnì ní tirẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó, nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni láti máa wo eyín bí ẹni ń wo òkúta.

Ibi tí sẹ́ẹ̀lì yìí ti wá kò sí lẹ́nu rárá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oyún bá ti dúró, ara ẹ̀yìn ọmọ inú oyún náà a máa ká jọ bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì a pàdé, wọn a sì di ọ̀pá oníhò kan tí yóò padà di ọpọlọ àti okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti etí tí ọ̀pá yìí ti pàdé ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń já ara wọn gbà, tí wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò lọ sí iwájú. Neural crest ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí. Àwọn tí ó wá láti apá orí ni wọ́n ń di púpọ̀ nínú egungun ojú, àwọn ni wọ́n sì ń kóra jọ sí abẹ́ awọ ẹnu níbi tí eyín yóò ti hù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyẹ̀wò ara ẹyẹ àti ti aláǹgbá odò ni a fi ń ro èyí, ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, Yang Chai àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àmì àjogúnbá sára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí nínú ọmọ inú eku, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí sẹ́ẹ̀lì náà tàbí ìran rẹ̀ bá dé, àmì náà yóò hàn. Nígbà tí eyín eku náà sì hù, àwọn amọdẹ́ntìnì inú rẹ̀ gbé àmì náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé sẹ́ẹ̀lì tí ó mọ eyín àti àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú iṣan ìmọ̀lára jẹ́ ọmọ ìyá, ìbátan yìí yóò sì tún fara hàn níwájú nínú orí yìí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, awọ inú ẹnu a nípọn ní ìlà kan yípo àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀. Láti ara ìlà yìí ni awọ náà ti ń rì wọ inú ẹran tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ojú ibi tí eyín kọ̀ọ̀kan yóò wà, ogún ojú fún eyín àkọ́hù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó rì náà rí roboto bí ìrudi òdòdó. Nígbà tí ó yá, ìdí rẹ̀ a kó wọnú, a sì rí bí fìlà. Nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹrìnlá, ó ti jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí bí agogo tí a dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Awọ ni agogo náà fúnra rẹ̀, nínú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò ṣe ẹ́námẹ́lì yóò sì ti jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò tí a sọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n kún inú agogo náà fọ́fọ́; inú wọn ni amọdẹ́ntìnì àti gbogbo ẹran inú eyín yóò ti wá. Ìhà méjèèjì, awọ àti ẹran abẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sì sí èyí tí ó lè dá eyín mọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kì í ṣe àfiwé lásán. Sẹ́ẹ̀lì ìhà kan a máa tú àwọn purotéènì kéékèèké jáde, irú bíi BMP, FGF, Wnt àti TGF-beta, àwọn wọ̀nyí a lọ fara kan ẹnu ọ̀nà tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìhà kejì, ìfarakàn yìí a sì mú kí àwọn jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ti ń sùn jí, kí àwọn mìíràn sì sùn. Awọ ẹnu ni ó kọ́kọ́ ń pàṣẹ, lẹ́yìn náà ni àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹran abẹ́ rẹ̀, títí dórí irú eyín tí yóò hù. Edward Kollar àti Grace Baird fi èyí hàn ní ọdún 1969, nígbà tí wọ́n ya ìhà méjèèjì sọ́tọ̀ lára ọmọ inú eku, tí wọ́n sì pààrọ̀ wọn: wọ́n kó ẹran abẹ́ eyín iwájú pọ̀ mọ́ awọ eyín ẹ̀yìn, eyín iwájú ni ó hù, wọ́n ṣe é ní òdìkejì, eyín ẹ̀yìn ni ó hù. Nígbà tí agogo bá wá pé, àṣẹ tún padà sọ́wọ́ awọ, nítorí pé láti inú agogo ni ìpè ti wá tí ó sọ sẹ́ẹ̀lì lásán di amọdẹ́ntìnì.

Kí ìpè yìí tó dé, kò sí ohunkóhun lára sẹ́ẹ̀lì náà tí ènìyàn lè fi mọ ohun tí yóò dà. Ó kéré, kò ní ìrísí kan pàtó, kókó rẹ̀ tí ó gbé àwọn jíìnì dúró sí àárín, ó sì gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, àwọn ohun èlò iṣẹ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò sí sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀ ya àwọn tí ó wà létí kúrò lára agogo, ìwọ̀yẹ̀ kan tí a ń pè ní basement membrane sì tẹ́ sí abẹ́ agogo náà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Jean-Victor Ruch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ibi àlàfo yìí, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀yẹ̀ náà kì í ṣe ààlà lásán: ara rẹ̀ ni àwọn purotéènì ońṣẹ́ tí awọ ń rán máa ń dúró sí, sẹ́ẹ̀lì tí kò bá sì fara kan ìwọ̀yẹ̀ náà, tàbí tí kò tíì pín tó iye ìgbà tí ó yẹ kí ó pín, kò ní gbọ́ ìpè náà bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Ìpín ìkẹyìn ni ó gba àfiyèsí jù lọ. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, a máa ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ara rẹ̀, ìhà tí okùn náà bá kọjú sí ni yóò sọ bí ọmọ méjèèjì yóò ṣe jókòó. Nínú ìpín ìkẹyìn àwọn sẹ́ẹ̀lì etí yìí, okùn náà a dúró ṣánṣán sí ìwọ̀yẹ̀ abẹ́ agogo, ọmọ kan a wá bọ́ sí òkè tí yóò fara kan ìwọ̀yẹ̀, èkejì a sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí òkè ni yóò di amọdẹ́ntìnì. Èyí ìsàlẹ̀, tí ó ti bá ìkejì rẹ̀ la gbogbo ìdàgbàsókè kọjá àyàfi ìfarakàn ìkẹyìn yẹn, a dúró sẹ́yìn nínú ìpele kan tí a ń pè ní ìpele Höhl, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó lè dìde bí àwọn ará iwájú bá kú. Kò sí ohun tí ó ya àyànmọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì yìí sọ́tọ̀ ju ibi tí olúkúlùkù wọn jókòó sí lọ, ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ ni fún ẹni tí ó bá ń rò pé jíìnì nìkan ni ó ń pinnu ohun gbogbo.

Láti ìgbà náà lọ, amọdẹ́ntìnì kò ní pín mọ́ láéláé, ara dídà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń ga, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, títí yóò fi rí bí òpó tí gíga rẹ̀ lè tó máíkírómítà 50 ní orí eyín. Ìdá kan nínú 1,000 mílímítà ni a ń pè ní máíkírómítà kan. Bí wọ́n ti ń tóbi ni wọ́n ń gba àlàfo tí ó wà láàárín wọn àti agogo, títí àlàfo náà yóò fi tán pátápátá. Kókó sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín tẹ́lẹ̀ a sún lọ sí ìdí, ní ìhà ẹran inú eyín, a sì fi ìhà iwájú sílẹ̀ fún iṣẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ohun èlò tí ń ṣe purotéènì ti ń pọ̀ sí i ní ìpele ìpele, tí àwọn tí ń di purotéènì sínú àpò tò sí iwájú wọn, tí àwọn tí ń pèsè agbára sì fọ́n káàkiri. Àwọn amọdẹ́ntìnì tí ó wà nítòsí ara wọn a di ara wọn mú ní èjìká, wọn a tò bí ọgbà tí kò sí àlàfo, ẹnu ọ̀nà kéékèèké a sì ṣí láàárín wọn tí ohun tí ọ̀kan bá gbọ́ fi lè dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Dẹ́ntìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ kò dà bí èyí tí yóò tẹ̀lé e. Wọ́n a tú fọ́nrán purotéènì tí a ń pè ní kọ́lájìn jáde, fọ́nrán tí ó nípọn tí ó sì dúró ṣánṣán sí ìwọ̀yẹ̀. Láàárín àwọn fọ́nrán yìí ni àpò tíńtìntín tí ó já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì náà ti ń kó kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì jọ, títí hóró èròjà líle yóò fi hù nínú wọn, tí wọn yóò bẹ́, tí hóró náà yóò sì máa tàn kálẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ yìí kò ju nǹkan bí máíkírómítà 20 lọ, kò sì le tó èyí tí ó kù. Síbẹ̀ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ́námẹ́lì ń retí, nítorí pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn àyàfi bí wọ́n bá ti rí dẹ́ntìnì tí a kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Awọ ni ó pe amọdẹ́ntìnì sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí amọdẹ́ntìnì bá dá a lóhùn tán ni awọ tó mọ̀ pé ó kan òun.

Bí dẹ́ntìnì ti ń pọ̀ sí i níwájú, amọdẹ́ntìnì kò lè dúró sójú kan. Bí obìnrin tí ń fi ẹbọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ yàrá ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà kí ó má baà tẹ ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ẹran inú eyín, tí ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú. Ibi tí àfiwé yìí mọ ni pé obìnrin yẹn kì í fi apá sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ó pa, ṣùgbọ́n amọdẹ́ntìnì ń fi apá kan ara rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, sílẹ̀ nínú dẹ́ntìnì bí ó ti ń sún sẹ́yìn. John Tomes, oníṣègùn eyín ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe okùn yìí ní ọ̀rúndún 19, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní okùn Tomes títí di òní. Dẹ́ntìnì tí ó le yí okùn kọ̀ọ̀kan ká ni ó sì di ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹran inú eyín lọ sí ìhà ẹ́námẹ́lì. Nítorí pé ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń sún lọ kéré ju ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn a máa há mọ́ra sí i; níbi tí dẹ́ntìnì ti pàdé ẹ́námẹ́lì, ihò tí ó wà nínú mílímítà kan níbùú lóròó jẹ́ bí 15,000 sí 20,000, ṣùgbọ́n nítòsí ẹran inú eyín, wọ́n lè jẹ́ 45,000 sí 65,000, wọ́n sì tún fẹ̀ ju ti òde lọ. Ìdí nìyí tí ihò tí kòkòrò dá sí eyín fi ń ṣe jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń yára bí ó bá ti ń súnmọ́ inú.

Iṣẹ́ náà kì í le lójú ẹsẹ̀. Purotéènì ni amọdẹ́ntìnì ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ìpele rírọ̀ kan, tí ó wà láàárín máíkírómítà 10 sí 40, sáàárín ara rẹ̀ àti ibi tí ó ti le. Kọ́lájìn ni nǹkan bí ìpín 90 nínú 100 èròjà ara inú dẹ́ntìnì, ṣùgbọ́n ìyókù tí kò tó nǹkan náà ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí èròjà líle yóò wọlé àti bí yóò ṣe tò. Jíìnì kan tí a ń pè ní DSPP ni orísun purotéènì méjì tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìyókù náà. Bí àbùkù bá wà nínú jíìnì yìí, ọmọ yóò jogún àìsàn kan tí eyín fi máa ń ṣú bí ẹni da eérú sí i, tí ẹ́námẹ́lì ń fọ́ kúrò lórí rẹ̀ nítorí pé dẹ́ntìnì abẹ́ rẹ̀ kò lágbára láti gbé e, tí eyín yóò sì jẹ títí yóò fi bá ẹran ìdí rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ní irú eyín báyìí ti jẹ ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn, tí àwọn ènìyàn rò pé wọn kì í fọ ẹnu, nígbà tí ó jẹ́ pé láti inú oyún ni àwọn amọdẹ́ntìnì wọn kò ti rí ohun tí ó yẹ fi ṣiṣẹ́.

Nǹkan bí máíkírómítà 4 ni amọdẹ́ntìnì ń mọ lóòjọ́ ní ìgbà tí ara rẹ̀ le jù. Bí ó ti ń mọ ọ́n ní ọjọ́ dé ọjọ́, a máa fi ìlà sílẹ̀ tí maikirosíkópù lè rí, bí ìlà inú igi tí a gé lulẹ̀. Ọjọ́ ìbí pàápàá ní ìlà tirẹ̀ nínú eyín àkọ́hù, nítorí pé ìyípadà oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ yẹn máa ń dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí a mọ ṣáájú ìlà náà, inú ìyá ni a ti mọ ọ́n. Ohun tí ó bá kan ọmọ ní ìgbà yìí ni ó ń wà nínú dẹ́ntìnì rẹ̀ títí ayé. Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ni oògùn tetracycline, tí a ń rà ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn láìsí ìwé dókítà. Oògùn yìí a máa so mọ́ kálísíọ̀mù, bí aboyún bá sì lò ó láti bí oṣù kẹrin lọ, tàbí tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá lò ó, a ó mọ ọ́n mọ́ dẹ́ntìnì ọjọ́ náà, eyín yóò sì hù ní àwọ̀ ofeefee, tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tàbí àwọ̀ eérú. Orín kò lè fọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò lè fọ̀ ọ́, nítorí pé abẹ́ ẹ́námẹ́lì ni ó wà. Kò sí ìdí kankan tí ó tó kí a fún ọmọdé ní oògùn yìí láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí orí eyín bá pé, etí agogo a gùn sísàlẹ̀, a di àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń pe amọdẹ́ntìnì tuntun jáde ní ojú gbòǹgbò. Àwọn ti gbòǹgbò kò ga tó ti orí. Ní àárín gbòǹgbò, ìbú àti òró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní ìdí rẹ̀, ṣe ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ wọn sì ń lọ ní pẹ̀lẹ́. Ọdún 2 sí 3 lẹ́yìn tí eyín bá ti yọ ni gbòǹgbò tó ń parí.

Ìgbà yìí ni ìyípadà ńlá kejì dé. Eduardo Couve, onímọ̀ ará Chile, fi maikirosíkópù alágbára wo amọdẹ́ntìnì ènìyàn ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí, ní ọdún 1986 ó sì ṣe àlàyé pé ìgbésí ayé rẹ̀ ní ipò mẹ́rin: ipò àìpé, ipò iṣẹ́, ipò ìyípadà, àti ipò ogbó. Ní ipò ìyípadà, òpó gíga yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, àwọn ohun èlò tí ń ṣe purotéènì ń dín kù, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń jẹ apá ara rẹ̀ tí kò nílò mọ́, ó ń sọ ọ́ di èlò tuntun. Ní ipò ogbó, ó ti rẹlẹ̀, ìdọ̀tí tí kò lè dà nù ti kóra jọ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú, kò sì jáwọ́. Dẹ́ntìnì tí ó ń mọ nísinsìnyí, tí a ń pè ní ìkejì, kò tó máíkírómítà 1 lóòjọ́, ó sì ń bá a lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé, tó bẹ́ẹ̀ tí ihò àárín eyín arúgbó ẹni 70 ọdún fi kéré púpọ̀ sí ti ọ̀dọ́langba, tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí òkú sì fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí ẹni tí a kò mọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì arúgbó yìí ṣì lè jí dìde. Bí akokoro bá bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kòkòrò àìrí inú ẹnu sọ ṣúgà di èròjà kíkan, tí èyí sì tú ẹ́námẹ́lì ká, ìró ewu náà yóò gba inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ dẹ́ntìnì dé ọ̀dọ̀ amọdẹ́ntìnì. Bí ewu náà kò bá le, sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà yóò tún kó ohun èlò rẹ̀ jọ, yóò sì mọ odi tuntun sí ojú ibi tí ọ̀tá ti ń bọ̀. A gbà pé àwọn èròjà ońṣẹ́ bíi TGF-beta, tí ó ti mọ mọ́ inú dẹ́ntìnì nígbà èwe rẹ̀, wà lára ohun tí ń jí i nígbà tí èròjà kíkan bá tú wọn sílẹ̀. Ìránṣẹ́ tí ó pè é sẹ́nu iṣẹ́ nínú oyún ni ó tún ń pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí ewu náà bá pọ̀ jù, amọdẹ́ntìnì yóò kú, ẹlòmíràn ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Stan Gronthos, Songtao Shi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn ní ọdún 2000 pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹran inú eyín àgbàlagbà tí wọ́n lè di oníṣẹ́ dẹ́ntìnì tuntun. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Sweden tún rí i nínú eyín iwájú eku pé díẹ̀ nínú wọn ń wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tí ó bo iṣan ìmọ̀lára, ọmọ ìyá wọn àtijọ́. Odi tí àwọn arọ́pò yìí ń mọ kì í sábà dára tó ti àwọn àkọ́kọ́: ihò inú rẹ̀ kò tò, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ihò rárá, ó sì dà bí egungun ju dẹ́ntìnì lọ. Ó sàn ju kí ojú náà ṣí sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa pè é ní ìwòsàn pátápátá.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí amọdẹ́ntìnì ń ṣe tí ó pẹ́ kí a tó mọ̀. Láti bí ọdún 1960 sí 1970 ni Martin Brännström ní Sweden ti fi hàn pé omi tí ó wà nínú ihò dẹ́ntìnì ń yí bí òtútù tàbí ooru bá kàn án, yíyí yìí ni ó sì ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, tí eyín fi ń kan. Ní ọdún 2021, ìwádìí kan lára eku ṣàfihàn pé amọdẹ́ntìnì fúnra rẹ̀ ń mọ òtútù, nípasẹ̀ purotéènì kan tí a ń pè ní TRPC5 tí ó wà lára rẹ̀. Kànáfùrù, tí àwọn ìyá wa ti ń fi sí eyín tí ń dunni láti ìgbà pípẹ́, ní èròjà kan tí a ń pè ní eugenol, tí ó lè dí purotéènì yìí. Ìmọ̀ àwọn ìyá wa kò ṣìnà níhìn-ín, àmọ́ ìrora nìkan ni kànáfùrù ń mú rọlẹ̀, kì í dí ihò eyín.

Nítorí náà, òbí tí ó bá rí ihò dúdú kékeré lára eyín ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa retí ìrora kí ó tó gbé ìgbésẹ̀. Kí ó mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn eyín nígbà tí kò tíì dùn ún, nítorí pé ìgbà náà ni àyè ṣì wà jù lọ láti gba àwọn amọdẹ́ntìnì tí ó ti wà níbẹ̀ láti inú oyún là.